Ṣé O Mọ̀ Pé Kò Sí Bíìtì Roboto Tó Lè Wọ Igun?

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ CNC tó ń gbẹ́ igi, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí, kò lè fi bíìtì lásán gbẹ́ kòtò onígun mẹ́rin tí igun inú rẹ̀ mú ṣáṣá? Owó ẹ̀rọ náà ì báà tó owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kò lè ṣe é. Bíìtì ẹnu rẹ̀ ń pòyì ni, ohun tó bá sì ń pòyì, roboto ni yóò gbẹ́. Fi bíìtì oní-mílímítà 6 gbẹ́ kòtò kan, igun kọ̀ọ̀kan yóò tẹ̀ kọdọrọ, bíi pé wọ́n fi kọ́ńpáàsì tó ṣí ní mílímítà 3 yà á. Mú bíìtì oní-mílímítà 3, títẹ̀ náà yóò dín kù sí mílímítà 1.5, ṣùgbọ́n kò ní tán.

Kòtò tí mò ń sọ ni èyí tí kò lu pákó já: ibi tí híǹjì ilẹ̀kùn ń jókòó sí, inú tíréè onígi, ojú ihò tí wọ́n ń to wáyà gìtá sí, ilé ọmọ ayò. Ó ní ògiri, ó ní ilẹ̀, ó ní etí lókè, apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló sì lè bàjẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀.

Ti igun yẹn, àwọn oníṣẹ́ ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ẹni tó ní sùúrù á fi ṣísẹ́ẹ̀lì parí rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ń kánjú á yí igun ohun tó fẹ́ wọ inú kòtò náà ká, kí àwọn méjèèjì lè bára mu. Àwọn tó ń fi pílíwúùdù ṣe àga tí kò gba ìṣó máa ń jẹ́ kí bíìtì kọjá igun díẹ̀, kí ó dá ihò kékeré síbẹ̀, kí orí pákó kejì lè jókòó dé ìdí. Dog-bone ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ WikiHouse tó bẹ̀rẹ̀ nílùú London lọ́dún 2011 gbé irú ìsopọ̀ pílíwúùdù tí CNC gé dé ibi pé wọ́n fi ń kọ́ odindi ilé. Lójú tèmi, dog-bone dára níbi tí ojú kò ní í dé. Lórí ìdérí àpótí tí àlejò yóò máa fọwọ́ pa, àbùkù ni.

Ṣùgbọ́n bíìtì kan wà tó ń wọ igun. Ṣé o mọ bó ṣe ń ṣe é? Ó ń gòkè ni. Ẹnu bíìtì V ṣóńṣó nísàlẹ̀, ó fẹ̀ lókè. Bó bá ti ń rì ni ojú tó ń gbẹ́ ń fẹ̀ sí i, bó bá sì ti ń gòkè ni ojú náà ń tín-ín-rín. Nígbà tó bá ń súnmọ́ igun, kọ̀ǹpútà á máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí tí ṣóńṣó rẹ̀ nìkan á fi kan igun náà gẹ́lẹ́ lójú pákó. Ti dígírì 90 rọrùn láti ṣírò: ìbú jẹ́ ìlọ́po méjì jíjìn, nítorí náà ojú tó fẹ̀ ní mílímítà 10 yóò jìn ní 5. Bíìtì dígírì 60 ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ rì tó mílímítà 8.7 kó tó lè fẹ̀ tó 10. Ẹni tó bá fẹ́ fi í kọ lẹ́tà tó sanra sórí pákó mílímítà 8, kó tètè rò ó wò, torí pé yóò lu pákó náà já.

Ọ̀nà tí bíìtì V ń tọ̀ kì í ṣe ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ lásán. Ó jẹ́ ìlà àárín tó jìnnà dọ́gba sí etí méjèèjì, ibi tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní medial axis. Harry Blum, ará Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1967, igi kò sì sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ṣàpèjúwe ìrísí àwọn ohun alààyè ló ń wá. Lónìí, gbogbo ẹni tó ń fi CNC kọ orúkọ sára pátákó ilé ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀ láìmọ̀.

Bíìtì V náà ló wà nídìí àrà tí wọ́n ń fi igi dúdú dá sínú igi funfun. Wọ́n á fi bíìtì V gbẹ́ ògiri kòtò náà ní dàgẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi bíìtì olórí pẹlẹbẹ tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wá gbẹ́ ìdajì kejì lára igi dúdú ní ìdojúkọ rẹ̀, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, wọ́n á fá èyí tó yọ sókè kúrò. Igun rẹ̀ á mú débi pé o kò ní gbà pé irin tó ń pòyì ló ṣe é.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnì kan kọ odindi ìwé lórí kòtò? Martin Held ni, ìwé náà jáde láti ilé ìtẹ̀wé Springer lọ́dún 1991, òun sì ni nọ́ḿbà 500 nínú ọ̀wọ́ ìwé wọn lórí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ dà bí ìbéèrè ọmọdé: ọ̀nà wo ni kí bíìtì tọ̀ kí ilẹ̀ kòtò lè gé tán? Ìdáhùn méjì ló gbajúmọ̀. Ọ̀kan ni kí bíìtì máa lọ kó máa bọ̀ bí ẹni ń kọ ebè. Èkejì ni kó máa yí kòtò ká ní òbìrìkítí, kí ìyípo kọ̀ọ̀kan máa súnmọ́ ògiri ju ti ìṣáájú lọ. Àlọ-àbọ̀ dára fún igi tí iṣan rẹ̀ ń lọ ní ìhà kan, torí o lè mú bíìtì tẹ̀lé iṣan náà, ṣùgbọ́n ògiri tó bá fi sílẹ̀ máa ń rí jágajàga, àfi kí o tún fi ìyípo kan gba etí rẹ̀. Òbìrìkítí kì í bá ògiri jà. Àléébù tirẹ̀ ni pé bí ìgbésẹ̀ láti ìyípo kan sí èkejì bá ju ìdajì ìbú bíìtì lọ, ègé igi lè ṣẹ́kù ní igun tó bá mú, yóò sì dúró síbẹ̀ láàrin ilẹ̀ kòtò.

Ṣé o mọ̀ pé abọ́ eérú sìgá ni wọ́n há fún àwọn oníròyìn lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi èdè kọ̀ǹpútà APT hàn wọ́n? Oṣù kejì ọdún 1959 ni, ní yunifásítì MIT, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Douglas Ross ló ṣáájú àwọn tó ṣe èdè náà, tí wọ́n fi ń sọ ibi tí ẹ̀rọ yóò gbà fún un. Alumíníọ̀mù ni abọ́ náà, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà bá sọ̀rọ̀ ló sì gbẹ́ ẹ. Kí ni abọ́ eérú, bí kò ṣe kòtò? Ẹ̀rọ agbẹ́rin tí nọ́ḿbà ń darí fúnra rẹ̀ ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. John Parsons, tó ń ṣe abẹ̀bẹ̀ hẹlikọ́pítà ní Traverse City ní ìpínlẹ̀ Michigan, àti Frank Stulen tó ń bá a ṣiṣẹ́, ni èrò náà ti wá. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà gbé owó sílẹ̀ lọ́dún 1949, nígbà tó sì di 1952, MIT fi ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ḿbà lára tẹ́ẹ̀pù oníwèé tí wọ́n dá ihò sí han gbogbo èèyàn. Inú iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ hẹlikọ́pítà ni èrò rẹ̀ ti yọ, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wá ń gbẹ́ tíréè lónìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí bíìtì. Ṣé o mọ̀ pé bíìtì méjì tí ìbú wọn dọ́gba, tí irin wọn jẹ́ ọ̀kan náà, lè gbẹ́ kòtò kan náà kí ti ọ̀kan mọ́ roro, kí ti èkejì sì hu irun? Ìhà tí ẹnu wọn lọ́ sí ló yà wọ́n.

Èyí tí wọ́n ń pè ní upcut lọ́ débi pé ó ń fa igi sókè bó ṣe ń yí. Èérún igi á máa tú jáde kúrò nínú kòtò, bíìtì kò ní gbóná jù, ilẹ̀ kòtò á sì dán. Etí òkè ló ń jìyà. Fọ́nrán igi tó wà lójú pákó kò ní igi mìíràn lórí tó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí náà nígbà tí bíìtì bá fà á sókè, kì í gé, ó ń ya ni. Lára pílíwúùdù ni èyí ti burú jù lọ, torí ìpele tó wà lójú rẹ̀ lè máà tó mílímítà 1 ní nínípọn.

Downcut ni òdìkejì. Ó ń ti fọ́nrán sísàlẹ̀, sára igi tó kù, ibẹ̀ ni yóò sì ti gé e. Etí kòtò á mú bí ẹni pé abẹ ló là á. Ibi tí wàhálà wà ni pé èérún kò rí ọ̀nà jáde. Bíìtì náà ń ti gbogbo rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kòtò, á máa tún un gé, á máa gbóná. Nínú kòtò tóóró tó jìn, o lè gbóòórùn rẹ̀ kí o tó rí i. Ó ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ kì í kà: ó ń tẹ pákó mọ́ tábìlì, nígbà tí upcut ń wá bí yóò ṣe gbé pákó kúrò lórí tábìlì. Bó bá jẹ́ tẹ́ẹ̀pù ẹlẹ́yìn méjì ni o fi lẹ pákó rẹ mọ́lẹ̀, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Ẹnìkan á ní, ṣebí bíìtì kan wà tó pa méjèèjì pọ̀? Ó wà. Compression ni wọ́n ń pè é: ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fà sókè, òkè rẹ̀ ń tì sísàlẹ̀, fọ́nrán ojú àti ti ẹ̀yìn á sì máa rọ́ sí àárín pákó. Wọ́n ṣe é fún gígé pílíwúùdù já láti ojú dé ẹ̀yìn, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́nà tó ya èèyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n wo ohun tí àwọn tó ń tà á kì í tètè sọ. Apá ìsàlẹ̀ tó ń fà sókè yẹn ní gígùn tirẹ̀. Bó bá gùn tó mílímítà 5, tí kòtò rẹ kò sì jìn ju 3 lọ, apá òkè kò ní kan igi láéláé. Owó compression ni o san, upcut ni o fi ṣiṣẹ́.

Ọgbọ́n tí mo fara mọ́ ni ti bíìtì méjì. Fi downcut gba ojú kòtò náà ní jíjìn mílímítà 1 péré, kí fọ́nrán ojú pákó gé mọ́ ná. Lẹ́yìn náà, fi upcut gbẹ́ ìyókù, torí kò sí irun kankan mọ́ lókè tó lè fà tu. Bí kòtò bá tẹ́jú, tí kò jìn ju mílímítà 5 tàbí 6 lọ, downcut nìkan tó, pàápàá bí èèyàn bá ń fi ẹ̀rọ fa èérún náà kúrò. Bó bá sì jẹ́ pé owó bíìtì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ, downcut ni kí o rà.

Ṣé o mọ̀ pé ìlọ́ra ló ń jó igi, kì í ṣe eré? Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń dín ìrìn bíìtì kù, ó rò pé òun ń ṣe é jẹ́jẹ́. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ráótà, ìyẹn mọ́tò tó ń yí bíìtì, ń yí ìgbà 18,000 ní ìṣẹ́jú kan, bíìtì náà ní ẹnu méjì, o sì fẹ́ kí ẹnu kọ̀ọ̀kan bu ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà. Ó túmọ̀ sí pé kí bíìtì máa rìn ní 18,000 lọ́nà 2 lọ́nà 0.1, èyí tó jẹ́ mílímítà 3,600, ìyẹn mítà mẹ́ta ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bó o bá wá dín in kù sí 600, ẹnu kọ̀ọ̀kan kò ní rí ju ìdá mẹ́fà ohun tó yẹ kó bù lọ. Ẹnu irin tí kò rí nǹkan gidi bù kì í gé mọ́, ó ń ra igi ni, ìrara sì ni iná. Èérún tó tóbi ló ń gbé ooru jáde kúrò nínú kòtò. Nítorí náà, wo ohun tó ń bọ́ sílẹ̀: bó bá jẹ́ ègé wẹ́wẹ́ tí o lè fi ìka mú, iṣẹ́ ń lọ dáadáa; bó bá jẹ́ ìyẹ̀rẹ̀ bíi lẹ́búlẹ́bú, o ti lọ́ra jù, tàbí ráótà ń yí jù, tàbí ẹnu bíìtì ti kú.

Ibẹ̀ náà ni ẹ̀tàn ẹlẹ́nu mẹ́rin wà. Èèyàn á rò pé ẹnu púpọ̀ ni gígé púpọ̀. Lára irin, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lára igi, bí ìrìn kò bá yí padà, ẹnu mẹ́rin á pín ohun tí ẹnu méjì ń jẹ, ègé kọ̀ọ̀kan á di ìdajì, ooru á pọ̀ sí i.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn oníná mànàmáná ni irin bíìtì rẹ ti wá? Iléeṣẹ́ Osram ní Berlin ń wá ohun líle tí wọ́n lè fa wáyà tungsten inú gílóòbù kọjá, torí dáyámọ́ńdì tí wọ́n ń lò wọ́n jù. Lọ́dún 1923, Karl Schröter níbẹ̀ po lẹ́búlẹ́bú tungsten carbide mọ́ cobalt, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi iná sè é títí ó fi dì. Láàrin ọdún díẹ̀, iléeṣẹ́ Krupp ti ń tà á fún àwọn agbẹ́rin lábẹ́ orúkọ Widia. Gọ́ọ̀mù inú pákó MDF àti pílíwúùdù tó ń pa ẹnu bíìtì irin lásán kì í tètè ran carbide. Ṣùgbọ́n líle rẹ̀ kò ní kó má lè fọ́: bó bá já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, ẹnu rẹ̀ lè ṣán, ojú rẹ kò sì ní rí i títí ògiri kòtò yóò fi fi hàn ọ́.

Bíìtì tún ń tẹ̀, bó ti wù kí carbide le tó. Ìlànà rẹ̀ dẹ́rù bani: bó o bá sọ gígùn tó yọ síta lẹ́nu ẹ̀rọ di ìlọ́po méjì, títẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ. Bó o bá wá dín ìbú rẹ̀ kù sí ìdajì, ó di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ìdí nìyí tí ògiri kòtò jíjìn fi máa ń rí wúruwùru tí ti kòtò tí kò jìn nínú pákó kan náà sì dán. Ti bíìtì sínú kóllẹ́ẹ̀tì, ẹnu ẹ̀rọ tó di bíìtì mú, dé ìwọ̀n tó yẹ, má jẹ́ kó yọ ju ohun tí kòtò náà nílò lọ. Fi bíìtì tó sanra gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù lọ, kí o tó mú tínínrín wá fi tọ́jú igun.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tó le jù fún bíìtì nínú gbogbo kòtò ni ìlà àkọ́kọ́ tó gbà? Níbẹ̀, igi yí ìdajì ara rẹ̀ ká pátápátá, dígírì 180. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ìgbésẹ̀ bá jẹ́ ìdajì ìbú bíìtì, dígírì 90 péré ló ń kàn án. Ṣùgbọ́n bó bá dé igun inú, nọ́ḿbà yẹn á ṣàdédé ga, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi máa ń ké ní igun. Àwọn kan wá ṣe ọ̀nà tí kò jẹ́ kí igi tó ń kan bíìtì kọjá ìwọ̀n kan, bíìtì á máa yí òbìrìkítí kéékèèké lọ, á máa bu igi jẹ ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Adaptive ni wọ́n sábà ń pè é. HSMWorks, iléeṣẹ́ ará Denmark tí Autodesk rà lọ́dún 2012, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di mímọ̀; FreeCAD, ètò orí kọ̀ǹpútà tí kò gba kọ́bọ̀, náà ní irú rẹ̀. Fún igi rírọ̀ àti kòtò tí kò jìn, n kò rí ìdí tí èèyàn fi máa da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú rẹ̀. Fún ìrókò àti kòtò tó jìn ní mílímítà 30, ó tó wàhálà náà.

Ìhà tí bíìtì ń gbà yí kòtò ká ńkọ́? Bíìtì ń yí bí ọwọ́ aago. Bó bá ń yí kòtò ká lódì sí ọwọ́ aago, ẹnu rẹ̀ ń kọ́kọ́ bu ègé tó nípọn, ó ń parí rẹ̀ sí tínínrín, ó sì ń ti fọ́nrán mọ́ ara igi; climb ni wọ́n ń pè é. Bó bá yí i ká bí ọwọ́ aago, tínínrín ló ń bẹ̀rẹ̀, nípọn ló ń parí sí, ó sì lè gbé fọ́nrán dìde níwájú ara rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ di ráótà kò gbọdọ̀ dán climb wò, torí ráótà lè fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó dúró ṣinṣin lè ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sábà máa ń ti bíìtì kúrò lára ògiri díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń ṣẹ́ ìdajì mílímítà kù lára ògiri nígbà àkọ́kọ́, tó sì ń padà wá gbà á kúrò ní ìrìn kan ṣoṣo tí kò dúró.

Àmọ́ ṣé o mọ̀ pé nínú kòtò roboto, kò sí ìhà tó dára tán? Iṣan igi ń lọ tààrà, bíìtì ń yí po. Ní ìdá mẹ́rin kan, ó ń gé tẹ̀lé iṣan. Ní ìdá mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ó ń gé lódì sí iṣan. Ó tún dára. Ó tún burú. Yí ìhà padà, àwọn tó dára á di búburú. Bó o bá rí kòtò roboto kan tó hu irun ní apá méjì tó dojú kọra, kì í ṣe bíìtì rẹ ló kú.

Ohun mìíràn tún wà tí ojú kì í rí. Etí bíìtì mílímítà 6 tó ń yí ìgbà 18,000 ní ìṣẹ́jú kan ń sáré tó mítà 5.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àárín gbùngbùn ìdí rẹ̀ kò sáré rárá, òdo ni. Nítorí náà, bó o bá ti bíìtì sínú igi ní òòró tààrà, àárín rẹ̀ kò gé nǹkan kan, ó kàn ń tẹ igi mọ́lẹ̀ ni, ó sì ń jó o. Jẹ́ kó máa wọlé ní dàgẹ̀rẹ̀ tàbí kó máa yí wọlé bíi sùkúrúù. Àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà ní ibi tí wọ́n ti ń yàn án, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í ṣí i wò.

Ṣé o mọ̀ pé ọpọ́n ayò ni ìdánwò tó dára jù fún ẹni tó ń kọ́ bí a ti ń gbẹ́ kòtò tó rí bí abọ́? Kòtò méjìlá ni, mẹ́fà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú wọn, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Bíìtì pẹlẹbẹ ló ń kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ, á fi àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bíìtì olórí bọ́ọ̀lù á wá tẹ̀ lé e láti pa àtẹ̀gùn náà rẹ́. Òun náà ń fi òkè wẹ́wẹ́ sílẹ̀ láàrin ìrìn kan sí èkejì. Gíga òkè náà jẹ́ ìgbésẹ̀ lọ́nà ìgbésẹ̀, kí o fi ìlọ́po mẹ́jọ ìdajì ìbú bọ́ọ̀lù pín in. Bọ́ọ̀lù mílímítà 6, ìgbésẹ̀ 0.6: òkè náà ga tó 0.015. Sọ ìgbésẹ̀ di 1.2: ó di 0.06. Àkókò iṣẹ́ dín kù sí ìdajì, òkè ga sí i ní ìlọ́po mẹ́rin, sáńpépà ni yóò sì san gbèsè náà. Má fi ojú ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí ní yunifásítì KTH ní Stockholm rí i pé ìka èèyàn lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ojú tó dán àti ojú tí ìwẹ́rẹ́ rẹ̀ ga ní nanomítà 13 péré. Mílímítà kan jẹ́ nanomítà mílíọ̀nù kan.

Ọ̀nà ìpele wọ̀nyí, bíìtì ńlá ṣáájú, kékeré tẹ̀ lé e, kì í ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà dá sílẹ̀. Lọ́dún 1947, àlùfáà Kevin Carroll àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Sean O'Mahoney dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì. Ibẹ̀ ni Lamidi Fakeye, ọmọ ìdílé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bandele, ọmọ Areogun ti Òsì. Carroll kọ ìlànà iṣẹ́ wọn sílẹ̀: wọ́n á kọ́kọ́ sọ igi sí ìrísí gbogbogbò, wọ́n á tún un gbẹ́ láti pín in sí apá kéékèèké, wọ́n á dán an, fífín ló wá kẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣí ètò CNC lónìí yóò bá ìpele mẹ́rin kan náà níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ fín ojú ère kó tó dán an yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀gá. CNC kò ní sọ nǹkan kan fún ọ, yóò gbẹ́ ohun tó o bá ní kó gbẹ́, bó bá tilẹ̀ jẹ́ òdì.

Ìyẹ̀rẹ̀ igi ńkọ́? Àjọ IARC, tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn láti 1995. Downcut ń fi púpọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú kòtò, bó o bá sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, ojú àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ ló ń lọ. Ẹ̀rọ tó ń fà á mu ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń dáàbò bò ọ́, ó sì ń jẹ́ kí ilẹ̀ kòtò mọ́, torí bíìtì kò tún èérún àná gé.

Ṣé o mọ̀, ní ìparí, pé gbogbo ọ̀nà tí bíìtì yóò tọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tí o lè ṣí kà? G0 ni kó sáré lọ láìgé. G1 ni kó lọ tààrà bó ṣe ń gé. G2 àti G3 ni kó yí, ọ̀kan bí ọwọ́ aago, èkejì lódì sí i. F3600 ni ìrìn tí a ṣírò lókè yẹn. Grbl, ètò tí Simen Svale Skogsrud, ará Norway, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, ń ka gbogbo rẹ̀ nínú ègé kọ̀ǹpútà tí àyè ìpamọ́ rẹ̀ kò ju kílóbáìtì 32 lọ, ó sì ń darí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké lágbàáyé. M3 ni àṣẹ pé kí ráótà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ṣùgbọ́n lára púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké wọ̀nyí, ráótà oní-bọ́tìnnì tí a ń fi ọwọ́ tàn ni wọ́n so mọ́ ọn, àṣẹ M3 kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà á rò pé bíìtì ti ń yí. Bó o bá gbàgbé láti tàn án, yóò gbé bíìtì tó dúró jẹ́ẹ́ wọ inú igi gẹ́gẹ́ bí àṣẹ, yóò sì ṣẹ́ ẹ. Tan ráótà ná, gbọ́ ohùn rẹ̀, kí o tó tẹ bọ́tìnnì.